Uà Ààfin àti Ère Oríta: Àyẹ̀wò Ìta Gbangba ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Iléṣà wọ Àkúrẹ́, bí ó bá ti la òpópónà Oyèmẹ́kùn kọjá tí ó sì bọ́ sí òpópónà Ọba Adésídà, kò ní pẹ́ dé iwájú ààfin Déjì àti ọjà Erékẹ̀sán, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ọjà Ọba. Kò sí ẹni tí ó júwe ibẹ̀ fún un. Ọ̀nà fúnra rẹ̀ ni ó mú un lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tí ó tẹ ìlú dó ṣe fẹ́ kí ó rí: kí ọ̀nà jáde sí ojúde ọba, kí ọjà wà níwájú ààfin, kí àlejò má lè wí pé òun wọ ìlú láìjẹ́ pé ó ti rí ojú onílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. J. Afọlábí Òjó tẹnu mọ́ ìlànà yìí nínú ìwé tí ó kọ lórí àwọn ààfin ilẹ̀ Yorùbá ní 1966. Ó jẹ́ kí ó yé wa pé ààfin kì í ṣe ilé ńlá tí ó kàn wà láàárín ìlú. Òun ni ìdodo tí a fi mọ ibi tí ìlú ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àlejò òde-òní a máa dé ibẹ̀ kí ó kọjá lọ láìmọ̀ pé òun dé ibìkan. Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí ni pátákó ìpolówó, àgbájọ ọkọ̀, àti agboòrùn àwọn aláte. Bí ó bá ń wá àmì pé ìlú tí òun wọ̀ yìí ní ìtàn, yóò wá a lọ sí oríta-àyípo tí àwọn awakọ̀ ń pè ní ráńdábáòtù, nítorí ibẹ̀ ni ìjọba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ti mọ́ ọn lára láti gbé àṣà kalẹ̀ sí: ère onílù tí a fi sìmẹ́ńtì mọ, ère ọdẹ, ère obìnrin tí ó ru agbè. Èrò tí ó wà lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dára. Èmi kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fẹ́ bu ọlá fún ìran rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni bóyá ère oríta ni ọ̀nà tí àwọn ìlú wa, pàápàá Àkúrẹ́ àti Oǹdó, fi ń bu ọlá fún ìtàn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, àti ohun tí ó ń sọnù lọ́wọ́ wa bí a ti gbà pé kò sí ọ̀nà mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ará Àkúrẹ́ kì í pe àgbàlá inú ààfin ní àgbàlá. Uà ni ó ń pè é. Bí a bá dé Ọ̀wọ̀, ùghà ni a ó gbọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ààfin Ọba Bìní ní àwọn ugha tirẹ̀. Kì í ṣe èèṣì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń rìn láti ẹsẹ̀ òkè Èkìtì dé etí odò Ìkpọ̀bà, bí ohùn *gh* ti ń yọ níbì kan tí ó sì ń pòórá níbòmíràn; ibi tí ọ̀rọ̀ sì dé, ilé kíkọ́ dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá mọ bí Àkúrẹ́ àti Bìní ti ń bá ara wọn ṣe láti ayébáyé kò ní ya ẹnu. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé n kò tí ì rí pátákó kan tí ìjọba gbé dúró láàárín ìlú tí a kọ ọ̀rọ̀ náà sí.

Uà tí ó wà nínú ààfin àtijọ́ Déjì lé ní 15, olúkúlùkù ni ó sì ní orúkọ àti iṣẹ́ tirẹ̀. Uà Ńlá wà, Uà Lílá wà. Uà Ùbúra wà, níbi tí a ti ń búra, tí a kì í sì í lò fún ohun mìíràn. Uà Ìkómọ wà, níbi tí a ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ méjì tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn yìí kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Kì í ṣe orúkọ ọba tí ó kọ́ wọn, kì í sì í ṣe orúkọ ẹni tí ó náwó lé wọn lórí. Ohun tí a ń ṣe níbẹ̀ ni orúkọ wọn. Bí ìlú bá dẹ́kun láti máa búra ní Uà Ùbúra, orúkọ náà yóò di irọ́. Bí ó bá sì ń búra níbẹ̀ síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó nílò àlàyé kí ó tó mọ ibi tí òun wà. Nínú irú ètò yìí, ìlò ni ọlá. A kò gbé ìtàn kalẹ̀ kí a wá máa wò ó. A ń wọ inú rẹ̀ lọ ṣe ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe.

Àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá yẹ kí a tètè dá irú ètò bẹ́ẹ̀ mọ̀, nítorí pé ó jọ oríkì. Kò sí ẹni tí ó lè dúró sí ojú kan kí ó gbọ́ oríkì ìlú tán. Ẹyọ kan yóò parí nínú ara rẹ̀, akígbe yóò sì ṣí òmíràn, èyí tí ó tẹ̀lé e lè jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Bákan náà ni uà. Ènìyàn yóò wọ ọ̀kan, yóò rí ọ̀run lókè, yóò rí òpó àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ara rẹ̀ ká, yóò rò pé òun ti dé òpin ilé, àfi bí ó bá rí ẹnu-ọ̀nà kékeré kan ní igun, tí yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó lè wọ òmíràn. Bí ọba kan ti ń jẹ tẹ̀lé òmíràn ni ó ń fi tirẹ̀ kún un. Ilé náà kò ní iwájú tí ó lẹ́wà púpọ̀. Ògiri gbọọrọ kan ni, ìkẹ́yìn rẹ̀ kò sì ṣe é rí láti ìta. Inú ni ẹwà rẹ̀ wà, ẹsẹ̀ ni a sì fi ń kà á.

Níbí ni mo ti rí ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ láàárín iṣẹ́ àtijọ́ àti ère oríta. Ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn ni a kọ́ uà fún. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ni a mọ ère oríta fún, ọkọ̀ náà kò sì ní dúró. Ẹ wo irú ibi tí a ń gbé e sí: àárín oríta, níbi tí ọkọ̀ yí i ká láti àárọ̀ dé alẹ́, tí ọmọdé kò lè dé ìdí rẹ̀ láìfi ẹ̀mí wewu. Bí olùkọ́ bá fẹ́ kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ wò ó, níbo ni yóò kó wọn dúró sí? Ère tí ènìyàn kò lè sún mọ́ kò lè bá a sọ̀rọ̀ ju bí pátákó ọṣẹ ìfọṣọ ti ń ṣe lọ.

N kò sọ pé kò sí èyí tí ó yọrí. Ère Àgbà Mẹ́ta tí Bodun Shodeinde ṣe ní 1991, tí a gbé sí ojú ọ̀nà tí ó wọ Èkó, yọrí gidigidi. Àwọn ìjòyè aláwọ̀ funfun mẹ́ta ni, wọ́n na ọwọ́ wọn tí wọ́n dì ní ẹ̀ṣẹ́ síwájú, wọ́n ń kí àlejò. Ìdí tí ó fi yọrí ni pé ìkíni ni ó ń ṣe, ẹnu-ọ̀nà ìlú sì ni ibi tí a ti ń kíni. Ibi tí a gbé e sí àti ohun tí ó ń ṣe bá ara wọn mu. Bí a bá gbé àwọn àgbà mẹ́ta kan náà sí àárín oríta kan láàárín ìgboro, wọn yóò di ọmọláńgidi.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò bi mí pé ààfin tí mo ń yìn yìí, ǹjẹ́ kò ti ń wó? Òtítọ́ ni. Ìjọba àpapọ̀ ti ka ààfin àtijọ́ Déjì mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin dáàbò bò, iṣẹ́ àbójútó irú ibẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1979 fún ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun àjogúnbá. Ṣùgbọ́n òfin kì í mọ ògiri. Amọ̀ ni ara ilé náà. A ń pò ó, a ń tẹ̀ ẹ́, a ń mọ ọ́n ní ipele kan, a ó fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ kí a tó gbé ipele kejì lé e. Ilé amọ̀ lè pẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún, bí òrùlé rẹ̀ bá dára tí ìdí rẹ̀ sì gbẹ. Bí omi bá ti rí ọ̀nà wọ orí ògiri, òjò ọdún mélòó kan ti tó láti sọ ọ́ di ebè. Nígbà tí ó jẹ́ pé ewé gbòdògì ni a fi ń bo ilé ní igbó ilẹ̀ wa, òrùlé fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ipá mú ìlú padà wá sí ààfin, nítorí pé ewé kì í pẹ́, olúkúlùkù àdúgbò sì ní apá tí ó gbọ́dọ̀ tún ṣe. Páànù dé, ó gba wàhálà náà lọ́wọ́ ìlú, ó sì gba ìlú lọ́wọ́ ààfin pẹ̀lú.

Nítorí èyí ni n kò fi ń jiyàn pẹ̀lú àwọn tí ó ń sọ pé 1150 ni a kọ́ ààfin náà. Bí wọ́n bá ní ìtẹ́ ọba ti wà lórí ilẹ̀ yẹn láti ìgbà náà, ìtàn ìlú ni wọ́n ń sọ, ó sì tọ́ kí a gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń tọ́ka sí ògiri tí ojú ń rí lónìí, wọ́n ń fi ojú òkúta wo amọ̀. Ohun tí ó pẹ́ nínú ilé Yorùbá kì í ṣe ògiri. Ètò ni ó pẹ́, àti ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n tún mọ.

Òwe wa wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Mo ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àwọn tí ó fẹ́ wó ilé àtijọ́, bí ẹni pé òwe fún wọn ní ìwé àṣẹ. Wọ́n gbàgbé irú ayé tí a ti pa á. Nígbà tí ilé ọba bá jó láyé ìgbà náà, àwọn tí ó tún un kọ́ mọ iye uà tí ó wà níbẹ̀, wọ́n mọ èyí tí ó jẹ́ ti ìbúra àti èyí tí ó jẹ́ ti ọmọ tuntun, wọ́n sì mọ gbẹ́nàgbẹ́nà tí yóò gbẹ́ òpó. Ẹwà tí iná bù sí i ni pé ètò kan náà tún jáde pẹ̀lú amọ̀ tuntun àti òpó tí ó dára ju ti àná lọ. Bí a bá wó o lónìí tí a fi búlọ́ọ̀kù àti gíláàsì rọ́pò rẹ̀, tí kò sí uà kan nínú rẹ̀, iná náà kò bu ẹwà sí i. Ó jó o ni.

Ilé ọba mìíràn tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí ó jọ mọ́ èyí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní 1924, a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì fi ìtẹ́ kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà. Ilẹ̀kùn náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù di òní, òpó kan tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà ní Chicago. Ó wà ní mímọ́, kòkòrò kò jẹ ẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sì ń rí i lọ́dún. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò ṣí kò ju pákó lọ. Bí ó ti lẹ́wà tó, ọlá tí ó ní ní Ìkẹ́rẹ́ ni pé a ń gba ibẹ̀ wọlé tọ ọba lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sí Àkúrẹ́ kí a wo ohun tí a ti kọ́ sínú ìlú láti ìgbà tí ó ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976. Ìlú tí ó di olú-ìlú kò lè má fẹ ọ̀nà, kò sì lè má kọ́ gbọ̀ngàn. Ní ayé ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, tí ó wà lórí oyè láti 2009 dé 2017, a kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kan tí a ń pè ní Dome sí ọ̀nà Ìgbátòrò, a sì so orúkọ àṣà mọ́ ọn: ilé fún àṣà àti ayẹyẹ, tí ó jẹ́ ti gbogbo àgbáyé. Ilé tí ó dúró dáadáa ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ. Àṣà tí a so mọ́ orúkọ rẹ̀ ni n kò rí nínú ìrísí rẹ̀. Òrùlé rẹ̀ dé ọ̀run mọ́ ìta, nígbà tí uà ń ṣí i wọlé. A kọ́ ọ sí ibi tí ọkọ̀ nìkan lè gbé ènìyàn dé, ó sì jìnnà sí ọjà. Bí a bá gbé e lọ sí ìlú mìíràn ní òru, kò sí ohun kan lára rẹ̀ tí yóò sọ fún ará ibẹ̀ pé Àkúrẹ́ ni ó ti wá.

Ọgbà tí a fi sọrí M. K. O. Abíọ́lá láàárín ìlú ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. A dá a sílẹ̀ láti fi rántí ẹni tí ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993 gbé wọlé tí a kò jẹ́ kí ó jókòó. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ nípa ère yìí, ẹnìkan lè rò pé n ó bú ọgbà náà, nítorí Abíọ́lá kì í ṣe ọmọ Àkúrẹ́, ọgbà náà kò sì ní uà kan. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni pé nígbàkígbà tí inú bá ń bí àwọn ọ̀dọ́ sí ìjọba, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ara wọn jọ sí. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sí ara pátákó pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọgbà náà pe iṣẹ́, iṣẹ́ náà sì dáhùn. Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tí a kọ́ sí Àkúrẹ́ láti 1976, ibẹ̀ ni ó súnmọ́ ọgbọ́n uà jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ bóyá inú ìjọba tí ó dá a sílẹ̀ yóò dùn sí ìyìn tí mo ń yìn ín yìí.

Bí a bá kúrò ní Àkúrẹ́ tí a kọrí sí Òde Oǹdó, a ó rí i pé ìlú yìí fi ọ̀nà mìíràn pa ìtàn rẹ̀ mọ́. Ìtàn Oǹdó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ obìnrin. Olorì kan bí ìbejì nígbà tí ìbejì ṣì jẹ́ èèwọ̀, ọba kígbe pé èsè ni ọmọ yìí, kò sì fẹ́ pa wọ́n. Ó ní kí a sin ìyá àti ọmọ jáde nílùú. Láti inú igbe náà ni wọ́n ti ní oyè Òṣemàwé jáde. Púpùpú, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìbejì náà, ni ó kọ́kọ́ jọba ní Oǹdó, ọmọ rẹ̀ Áírò sì jẹ tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìgbà náà, ọkùnrin ni ó ń jẹ Òṣemàwé.

Báwo ni Oǹdó ṣe bu ọlá fún obìnrin tí ó dá a sílẹ̀? Kò fi òkúta ṣe é. Ó fi oyè ṣe é. Lóbùn, tí a ń pè ní ọba obìnrin, wà ní Oǹdó. Òun ni ọ̀rọ̀ ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun sì ni a kò lè yọ kúrò nínú ètò fífi Òṣemàwé jẹ. Ọkùnrin tí yóò bá jókòó sórí ìtẹ́ Púpùpú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ obìnrin kọjá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jacob Olúpọ̀nà kọ ìwé kan ní 1991 lórí ipò ọba àti àwọn ọdún ìbílẹ̀ ní Oǹdó, ẹni tí ó bá sì kà á yóò rí i pé ojú pópó ni púpọ̀ nínú ètò wọ̀nyí ti ń wáyé: nínú Ọdún Ọba, nínú Ọdún Ògún, ẹsẹ̀ àwọn tí ó ń rìn ni ó ń fa ìlà láti ilé olóyè dé ààfin, láti ààfin dé ọjà. Ojú pópó tí a kò lè fi ẹsẹ̀ rìn mọ́ yóò pa ọdún náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi òfin dè é.

Orúkọ àdúgbò Oǹdó tún ń ṣe iṣẹ́ ìrántí tí kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Òkè-Lísà ni òkè Lísà, Odò-Jomù ni odò Jomù. Lísà àti Jomù wà nínú àwọn àgbà ìjòyè tí ó ń bá Òṣemàwé ṣe ìlú. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá sọ fún ọlọ́kadà pé Òkè-Lísà ni òun ń lọ ti dárúkọ apá kan nínú ìjọba ìlú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ó bà mí nínú jẹ́ pé bí ìlú ti ń gbòòrò, orúkọ tí àwọn tí ó ń ta ilẹ̀ ń fún àdúgbò tuntun kò sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni, Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, a sì lè rí irú rẹ̀ gan-an ní ìlú mẹ́wàá mìíràn.

Àwọn kan ti ń wí pé Púpùpú tó ẹni tí a ń gbẹ́ ère fún, wọ́n sì ń tọ́ka sí ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Ilé-Ifẹ̀ gbé ère Mọ́rèmi dúró ní 2016, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 42. Ní Kútọnu, ìjọba orílẹ̀-èdè Benin ṣí ère ọmọ-ogun obìnrin Dàhọ̀mì ní 2022, òun sì ga ní mítà 30. Ará Ṣáínà ni ó gbẹ́ ẹ. N kò kọ̀ ọ́ kí Oǹdó ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ gíga ni a ó máa fi díje, ìlú tí ó lówó jù ni yóò máa borí, ọ̀rọ̀ náà yóò sì ti kúrò lórí Púpùpú. Àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí Oǹdó lọ wò wà nítòsí ju ìyẹn lọ, ó sì kéré púpọ̀. Ní Bìní, ère Ẹmọ́tan wà lẹ́bàá ọjà. Obìnrin ọlọ́jà ni Ẹmọ́tan, òun ni ó ran Ọba Ewúare lọ́wọ́ nígbà tí ó ń jà láti gba ìtẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó kú, a gbin igi sí ojú ibi tí ó ti ń tajà. Nígbà tí igi náà wó, Ọba Akenzua Kejì mú kí a gbé ère rọ́pò rẹ̀ ní 1954. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Danford ni ó ṣe é. Síbẹ̀ kò di ohun àlejò, nítorí pé ojú ibi kan náà ni, àti pé àwọn tí ó ń ṣe ayẹyẹ oyè tàbí ìsìnkú ṣì ń dé ìdí rẹ̀ láti júbà. Obìnrin ni ó di igi, igi ni ó di ère, ìjúbà kò sì já láàárín. Bí Oǹdó bá fẹ́ gbé ère Púpùpú, kí ó kọ́kọ́ bi Lóbùn léèrè pé ibo ni ẹsẹ̀ òun ń dé ní ọjọ́ tí a bá ń fi ọba jẹ. Ibẹ̀ ni kí a gbé e sí, kódà bí kò bá ga ju ènìyàn lọ.

Ìtakò kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn Kristẹni àti Mùsùlùmí kan ń sọ pé owó ìlú kò gbọdọ̀ tún ojúbọ kọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn wọn. Èmi yóò sì bi wọ́n pé: ọmọ ta ni kì í gba orúkọ? Uà Ìkómọ kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé kí ó bọ òrìṣà. Bí ìdílé kan bá fẹ́ kí àlùfáà wọn gbàdúrà níbẹ̀, ògiri kò ní ṣubú. Ohun tí ó yẹ kí ó bà wọ́n lẹ́rù, àti èmi náà, ni ìlú tí kò ní ibi kankan tí Kristẹni, Mùsùlùmí àti abọ̀rìṣà ti lè jọ dúró láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni ó gba àwọn ìyókù lálejò.

N kò lè parí ọ̀rọ̀ yìí láìmẹ́nu kan ohun tí ó kan ẹgbẹ́ wa gan-an, ìyẹn ni àkọsílẹ̀ ojú pópó. Àwọn pátákó òpópónà tí mo ti kà ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó kò ní àmì ohùn lórí, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ó máa ń parí wọn. Bẹ́ẹ̀, ìtàn wà nínú àwọn ohùn náà. Wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọmọ aládé kan ni ó já, tí a fi kígbe pé àkún rẹ́, tí ìlú fi di Àkúrẹ́. Ẹni tí ó bá gé ohùn kúrò lórí *rẹ́* ti gé okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ìró rẹ̀. Ní ìlú Auckland ní New Zealand, àwọn Māori ti mú kí ìjọba ìlú gba ìlànà kan tí ó jẹ́ pé bí a bá ń ṣètò ìta gbangba, àwọn onílẹ̀ ni yóò sọ orúkọ àtijọ́ ibẹ̀, orúkọ náà ni a ó sì lò. Àwọn tí ó kéré ní iye lórí ilẹ̀ ara wọn ni wọ́n, wọ́n sì jà kí wọ́n tó rí i gbà. Àwa ni a pọ̀ jù ní Àkúrẹ́, àwa ni ó wà ní ọ́fíìsì tí ó ń kọ pátákó, ẹ̀ka tí ó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá sì wà ní Oǹdó ní ilé ẹ̀kọ́ Adéyẹmí láti ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ẹni tí a ó dá lẹ́bi fún àmì ohùn tí kò sí níbẹ̀ àyàfi àwa tí a mọ ibi tí ó yẹ kí ó wà tí a kò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni.

Ní ti amọ̀, ọ̀rọ̀ náà yá ju ti pátákó lọ. Àwọn àgbà tí ó mọ bí a ti ń pò ó, tí ó mọ iye ọjọ́ tí ipele kan gbọ́dọ̀ fi gbẹ kí èkejì tó gùn ún, ń dín kù. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ sí Àkúrẹ́ ní 1981 ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí ààfin. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé ní ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan kí a kó ọ̀wọ́ kan nínú wọn lọ sí ààfin àtijọ́, lábẹ́ ọwọ́ àwọn amọlé àgbà àti pẹ̀lú àṣẹ Déjì àti àjọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tún uà kan ṣoṣo mọ. Kí wọ́n fi Uà Ìkómọ bẹ̀rẹ̀. Owó ère oríta kan yóò ṣe é tán, yóò sì ṣẹ́ kù. Kí wọ́n sì ti bo orí ògiri kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé ní oṣù kẹta.